Kánsù kọ̀wé sí wa lórí yàrá tó wà lẹ́yìn ilé: ṣé wọ́n lè wó o?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé terrace kan ni èmi àti ọkọ mi rà ní London ní November 2023. Ẹni tó tà á fún wa ti fi yàrá kan kún ẹ̀yìn ilé, mítà 4.6 ló gùn láti ara ògiri ẹ̀yìn, ó ní June 2022 lòun parí rẹ̀. Ó tún kọ́ ilé kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ọgbà nígbà yẹn, mítà 5 sí mítà 4, tó fi ń kó ẹrù sí. Ó ga tó mítà 2.8, kò sì jìnnà sí fẹ́ńsì. Ní June 2024, a fi ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ sínú rẹ̀, a gba ayálégbé kan síbẹ̀. Ní January 2026 yìí, kánsù fi lẹ́tà ránṣẹ́, Planning Contravention Notice ni wọ́n kọ sí orí rẹ̀. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ká má dá wọn lóhùn, pé bí ọdún mẹ́rin bá ti pé, ọ̀rọ̀ tán. Ẹlòmíì ní ká yára lọ tọrọ àṣẹ ìkọ́lé báyìí. Ṣé wọ́n lè wó àwọn ilé yìí? Ṣé wọ́n lè jù wá sẹ́wọ̀n?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà o. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ ka ọjọ́ 21 láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà tẹ̀ yín lọ́wọ́, kí ẹ fi bírò yí ọjọ́ tó bọ́ sí ká lórí kàlẹ́ńdà. Ìdáhùn yín gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ kánsù kó tó pé.

Lẹ́tà yẹn kò ní kí ẹ wó ohunkóhun. Ìbéèrè ló kún inú rẹ̀: ta ló ni ilé, ta ló ń gbé ibẹ̀, ìgbà wo ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló parí, báńkì wo ló yá yín lówó ra ilé. Abala 171C nínú Town and Country Planning Act 1990 ló fún wọn lágbára láti béèrè. Bí ẹ bá dákẹ́ tí ọjọ́ 21 fi kọjá láìní ìdí tó mọ́gbọ́n wá, ẹ ti dẹ́ṣẹ̀, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £1,000. Bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ síbẹ̀, owó ìtanràn ti irọ́ kò ní gbèdéke.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìmọ̀ràn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín nìyẹn. Ní England, kíkọ́ ilé láìgbàṣẹ kì í ṣe ọ̀ràn ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Kánsù lè ní kí ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí rẹ̀ gbé yín dúró níwájú májísíréètì. Ẹni tó bá dákẹ́ lórí irú lẹ́tà yìí ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ bíríkì àti sìmẹ́ńtì di ẹjọ́. Ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kò pọ̀: kí èèyàn ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ lára ilé tí wọ́n ń pè ní listed building, ìyẹn ilé tí ìjọba ti kọ sínú ìwé ààbò nítorí ìtàn tàbí ẹwà rẹ̀, èyí tó lè fa ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 2; kí èèyàn gé igi tí kánsù ti fi òfin dáàbò bò; àti kí èèyàn gbé pátákó ìpolówó kọ́ láìgbàṣẹ. Ti yín kò sí nínú wọn.

Ẹ má fi àkókò wá ẹni tó fẹjọ́ sùn. Aládùúgbò ni ó sábà máa ń jẹ́, kánsù kò sì ní dárúkọ rẹ̀ fún yín. Òṣìṣẹ́ enforcement, ìyẹn òṣìṣẹ́ kánsù tó ń rí sí ìkọ́lé láìgbàṣẹ, á fún ẹ̀sùn náà ní nọ́ńbà, á yẹ ìwé wò bóyá ilé yín ti gbàṣẹ rí, á wo àwọn àwòrán tí a yà láti òkè, irú ti Google Earth, láti mọ ọdún tí òrùlé tuntun yọ lẹ́yìn ilé, lẹ́yìn náà á fẹ́ wá wo ibẹ̀. Láti wọ inú ibi tí èèyàn ń gbé, ó gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ní wákàtí 24. Bí ẹ bá tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ májísíréètì, á sì wọlé ná.

Bó bá ti rí i pé òfin rú, ohun tó kù ni kó pinnu bóyá ó yẹ kí kánsù gbé ìgbésẹ̀. Kì í ṣe dandan. Ìlànà ìjọba lórí ètò ìkọ́lé ní England sọ pé ọwọ́ kánsù ni ìpinnu náà wà, àti pé ìgbésẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ bá bí ọ̀rọ̀ ṣe wúwo tó mu. Fẹ́ńsì ẹ̀yìn ilé tó fi sẹ̀ńtímítà 10 ga ju mítà 2 tí òfin gbà lọ, ọ̀pọ̀ kánsù á kọ ọ́ sílẹ̀ pé òfin rú lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò tó ohun à ń jà sí, wọ́n á pa fáìlì dé. Yàrá inú ọgbà tí wọ́n ń gbowó ilé lórí rẹ̀ kì í rí irú ojúure bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ló wà nílẹ̀ yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní aago tirẹ̀, ìyẹn iye ọdún tí kánsù ní láti gbé ìgbésẹ̀ lé e lórí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà wọ́n pọ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá ẹ̀yìn ilé ná. Ilé terrace ní ẹ̀tọ́ láti fi yàrá tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lókè kún ẹ̀yìn láìtọrọ àṣẹ, bí kò bá gùn ju mítà 3 lọ láti ara ògiri ẹ̀yìn ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, tí kò ga ju mítà 4, tí etí òrùlé rẹ̀ kò sì ga ju mítà 3 bó bá wà láàárín mítà 2 sí ààlà. Ó lè dé mítà 6 bí onílé bá kọ́kọ́ sọ fún kánsù, kí kánsù béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bí ẹni tó ta ilé fún yín kò bá ṣe é nígbà náà, kò sí bí a ṣe lè ṣe é lẹ́yìn tí yàrá ti dìde. Ọ̀pọ̀ onílé rò pé mítà 1.6 tó lé lórí 3 nìkan ló lòdì sí òfin. Rárá o. Bó ti kọjá 3, gbogbo yàrá náà ni kò ní àṣẹ, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé.

Òfin ọdún mẹ́rin tí ará ṣọ́ọ̀ṣì yín gbọ́ wà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti yí i padà. Láti 25 April 2024, ọdún 10 ni kánsù ní láti gbé ìgbésẹ̀, irú àìgbàṣẹ yòówù kó jẹ́. Ọdún 4 àtijọ́ kù fún ohun méjì péré: iṣẹ́ ìkọ́lé tó ti parí kí ọjọ́ yẹn tó dé, àti ilé tí wọ́n ti sọ di ibùgbé kan ṣoṣo kí ọjọ́ yẹn tó dé. Nítorí náà, bí yàrá ẹ̀yìn ilé yín bá parí ní June 2022, June 2026 ni agbára kánsù lórí rẹ̀ máa tán.

Ọ̀rọ̀ náà wá dúró lórí "parí". Nínú ẹjọ́ kan tó dé House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà yẹn, ní 2003, àwọn adájọ́ ní odindi iṣẹ́ ni a ó wò, tinú-tòde, bí ẹni tó ń kọ́ ọ ṣe ní in lọ́kàn. Kí òrùlé ti wà lórí kò tó. Bí ẹni yẹn bá kan òrùlé ní June 2022, ṣùgbọ́n tí kò rẹ́ ògiri inú, tí kò fi ilẹ̀ sí i, tí kò fa iná sí i títí di November, November 2022 ni aago bẹ̀rẹ̀, kánsù sì ti jèrè oṣù márùn-ún. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ta ilé kò lè gbé yín dé èbúté. Ẹ wá rìsíìtì bíríkìlà àti ti ẹni tó ṣe iná. Ẹ wo àwòrán ilé nígbà tí wọ́n ń polówó rẹ̀ fún títà, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú déètì. Ẹ wá ìwé tí ẹ̀ka building control, àwọn tó ń yẹ ilé wò bóyá wọ́n kọ́ ọ dáadáa, fi sílẹ̀, àwòrán Google Earth, àti ìwé ìbúra láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà. Ojúṣe yín ni láti fi ẹ̀rí hàn, kì í ṣe ti kánsù. Àmọ́ kò ní kó dáni lójú bíi ti ẹjọ́ ọ̀daràn: kó ṣáà jọ òótọ́ ju kó jọ irọ́ lọ, ó tó.

Kí ló ń gé aago yẹn? Kì í ṣe lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ yín yìí, kì í sì í ṣe ìwé tí ẹ bá fi tọrọ àṣẹ. Enforcement Notice ni, ìyẹn ìwé tí kánsù fi ń pàṣẹ pé kí ẹ tún ohun tó rú òfin ṣe, tàbí Enforcement Warning Notice, ìyẹn ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní April 2024, tó máa ń sọ pé kí ẹ tọrọ àṣẹ láàárín iye ọjọ́ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Enforcement Notice ń bọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jáde kí àkókò tó pé, kánsù tún ní ọdún 4 mìíràn láti padà wá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, kódà bí àṣìṣe bá wà nínú ìwé àkọ́kọ́. Òṣìṣẹ́ tó kọ lẹ́tà sí yín lè ka oṣù bí ẹ ṣe lè kà á. Ẹ má fi ilé yín ta tẹ́tẹ́ pé á sùn títí di June.

Ẹ má sì gbàgbọ́ pé ohun tí a bá fi pamọ́ fún ọdún tó pé ti di ti ẹni. Ní Surrey, àgbẹ̀ kan kọ́ ilé ńlá sẹ́yìn òkìtì koríko gbígbẹ tó ga, ó gbé inú rẹ̀ ju ọdún mẹ́rin lọ, lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i síta ní 2006. Àwọn ilé ẹjọ́ ní ẹ̀tàn ni, ọdún tó fi pamọ́ kò ṣe é lóore. Nígbà tó kọ̀ láti wó o, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n fún un, wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn pé bó bá wó o kò ní lọ. Ní 2016 ló wó o. Láti ìgbà òfin Localism Act 2011, kánsù tó bá rí ẹ̀rí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan pamọ́ fún un lè lọ sọ́dọ̀ májísíréètì láàárín oṣù 6, kí wọ́n fún un ní ọdún kan sí i láti gbé ìgbésẹ̀. Irọ́ nínú ìdáhùn Planning Contravention Notice wà lára ohun tí wọ́n máa gbé síwájú májísíréètì náà.

Ilé inú ọgbà ni ọ̀rọ̀ ti le. Ilé fúnra rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ: èyí tó bá wà láàárín mítà 2 sí ààlà kò gbọ́dọ̀ ga ju mítà 2.5. Ní ti gíga yẹn, ọdún 4 ni, bíi ti yàrá ẹ̀yìn ilé. Ṣùgbọ́n June 2024 ni ẹ sọ ọ́ di ibi tí èèyàn ń gbé lọ́tọ̀, 25 April sì ti kọjá. Oṣù méjì péré ni, oṣù méjì yẹn ló sọ ọdún 4 di ọdún 10. June 2034 ni aago ti ibùgbé yẹn máa tó kán, kò sì sí ẹni tó lè bá yín mú un yá.

Ṣé wọ́n lè fún un láṣẹ? Ìlànà ìjọba lórí fífẹ̀ ilé gbígbé, èyí tí London ń lò, béèrè pé kí ibùgbé ẹnì kan ṣoṣo tó ní ṣáwà dípò báàfù fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 37. Ti yín jẹ́ 20. Ká má sọ ti ìmọ́lẹ̀, ká má sọ pé ẹni tó ń gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yín kọjá kó tó wọlé. Ẹ má ná kọ́bọ̀ lórí ìwé ìtọrọ àṣẹ fún un. Ẹni tó bá ní òun á bá yín gba àṣẹ rẹ̀, owó yín ló ń wò.

Ohun tó dára jù ni kí ẹ fọwọ́ ara yín dá a padà kí wọ́n tó fi Enforcement Notice jáde. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá jáde lórí yàrá inú ọgbà, kì í ní kí ẹ "dáwọ́ dúró" lásán. Á ní kí ẹ kó ilé ìdáná jáde pátápátá, kí ẹ yọ sínkì, sítóòfù àti kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ yọ ilé ìwẹ̀, kí ẹ dí páìpù omi àti ti ìdọ̀tí, kí ẹ wó ògiri tó pín inú rẹ̀, kí ẹ kó gbogbo àlòkù kúrò nínú ọgbà. Àwọn onílé kan máa ń yọ sítóòfù nìkan kí òṣìṣẹ́ kánsù tó dé, wọ́n á fi páìpù sílẹ̀ lẹ́nu ògiri. Òṣìṣẹ́ náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Á ya fọ́tò páìpù yẹn, fáìlì á sì wà ní ṣíṣí.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá sùn nínú ilé ọgbà ló rú òfin. Bí ìyá yín bá wá tọ́jú ọmọ, tó ń sùn níbẹ̀, tó ń jẹun lọ́dọ̀ yín, tó jẹ́ pé ilé kan náà ni gbogbo yín ń gbé, apá kan ilé yín ni yàrá náà ṣì jẹ́. Ohun tí kánsù ń wò ni bóyá ẹni náà dá dúró: ìlẹ̀kùn tirẹ̀, ilé ìdáná tirẹ̀, bẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, owó ilé tó ń san. Ti ayálégbé yín kò lè fara pẹ́ èyí, ẹ má gbìyànjú láti pè é ní ìbátan.

Ẹ rántí ayálégbé náà. Lẹ́tà kánsù kò fún yín ní ẹ̀tọ́ láti kó ẹrù rẹ̀ síta. Bí ẹ bá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ tàbí gé iná rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ gidi ni lábẹ́ Protection from Eviction Act 1977, ó sì burú ju ohun tí kánsù tìtorí rẹ̀ kọ̀wé lọ. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ sọ òótọ́ fún un, ẹ fún un ní àkókò, ẹ ràn án lọ́wọ́ láti rí ibòmíì. Bí kò bá lè lọ, lọ́yà ló máa fún un ní ìwé tó tọ́. Ẹ má fi ti lọ́yà falẹ̀, torí láti 1 May 2026, ìwé Section 21 tí àwọn onílé fi ń gba ilé padà láìsọ ìdí kò ní sí mọ́. Nínú ìdáhùn yín sí kánsù, ẹ sọ pé ayálégbé wà níbẹ̀, kí ẹ dábàá ọjọ́ tí yàrá náà máa ṣófo. Òṣìṣẹ́ tó rí ètò tó ní déètì máa ń ní sùúrù ju ẹni tó rí ìlérí lọ.

Ní ti pé kí ẹ yára tọrọ àṣẹ, ó ṣe é ṣe fún yàrá ẹ̀yìn ilé. Owó rẹ̀ kì í ṣe ìyà, iye kan náà ni pẹ̀lú ti ẹni tí kò tíì kọ́lé. Ní April 2025, wọ́n gbé e láti £258 sí £528 fún fífẹ ilé kan, wọ́n sì so ó mọ́ bí ọjà ṣe ń wọ́n lọ́dọọdún. Ọ̀sẹ̀ 8 ni kánsù ní láti dáhùn. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni òfin ń jẹ́ ká jiyàn lórí bóyá ilé náà dára tó láti gbàṣẹ, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀. Bí ẹ bá tọrọ àṣẹ, tí wọ́n kọ̀ ọ́, tí Enforcement Notice tẹ̀lé e láàárín ọdún 2, ẹ kò ní lè lọ bá Planning Inspectorate, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ìkọ́lé, pé kí wọ́n fún un láṣẹ lábẹ́ ẹjọ́ Enforcement Notice yẹn mọ́. Ìkọ̀sílẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lé lórí láàárín ọ̀sẹ̀ 12, àkókò yẹn sì dín sí ọjọ́ 28 bí Enforcement Notice bá ti jáde. Bí ẹ kò bá sì tọrọ rárá títí Enforcement Notice fi dé, kánsù lè kọ̀ láti ka ìwé ìtọrọ àṣẹ yín.

Torí náà, ẹ gba ayàwòrán ilé kó wọn yàrá náà kí ẹ tó san owó kankan. Kó dúró ní àárín fèrèsé ẹ̀yìn tó sún mọ́ yín jù nílé aládùúgbò, lórí pépà, kó fa ìlà oníwọ̀n dígírì 45 láti ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ kánsù máa ń lo ìlà yìí láti mọ̀ bóyá yàrá ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Bí yàrá yín kò bá kọjá ìlà náà, tàbí tí aládùúgbò náà ti fi yàrá kún tirẹ̀, ẹ tọrọ àṣẹ, ó lágbára. Bó bá kọjá rẹ̀ gan-an, ẹ fi owó ìtọrọ àṣẹ yẹn sínú àpò, ẹ kó ẹ̀rí ọjọ́ tó parí jọ, kí ẹ sì dúró de June 2026, tí kánsù bá jẹ́ kó dé. Ìgbà yẹn lẹ máa tọrọ ìwé tí wọ́n ń pè ní Lawful Development Certificate, èyí tó ń jẹ́rìí pé ọdún ti pé. Kánsù kò ní wo ẹwà ilé níbẹ̀, ẹ̀rí déètì nìkan ni.

Bí Enforcement Notice bá dé, ẹ wá déètì méjì nínú rẹ̀. Èkíní ni ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó kéré tán ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí wọ́n fún yín. Èkejì ni iye oṣù tí ẹ ní láti ṣe ohun tó wí. Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ Planning Inspectorate kí ọjọ́ èkíní yẹn tó dé. Bó bá fi ọjọ́ kan pẹ́, ó tán, kò sí ẹni tó lè sún un. Ìdí méje ni òfin fi sílẹ̀, láti (a) dé (g). Àwọn tó kàn yín jù ni (d), pé àkókò kánsù ti kọjá. (F), pé ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe pọ̀ jù, bíi kí wọ́n ní kí ẹ wó gbogbo yàrá nígbà tí gígé e kù sí mítà 3 yóò tó. Àti (g), pé oṣù tí wọ́n fún yín kéré, èyí tó wúlò gan-an bí ayálégbé bá ṣì wà nínú ilé. Ìdí (a), pé kí wọ́n fún un láṣẹ, ni ẹ máa san owó lé lórí, ìlọ́po méjì owó ìtọrọ àṣẹ. Láti ọjọ́ tí ẹjọ́ bá ti wọlé títí tí wọ́n fi dá a, ìwé náà kò lè ṣiṣẹ́.

Ìgbà tí oṣù tí wọ́n fún yín bá kọjá láìṣe nǹkan kan ni ẹ̀ṣẹ̀ gidi tó bẹ̀rẹ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ kò ní gbèdéke, adájọ́ sì gbọ́dọ̀ wo iye tí ẹ ti jẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kánsù lè lo Proceeds of Crime Act 2002, òfin gbígba owó tí èèyàn rí nínú ẹ̀ṣẹ̀, láti gba owó ilé tó wọlé láti ìgbà tí àkókò ti kọjá. Nínú ẹjọ́ kan tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ní 2010, lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí tí kò gbàṣẹ, gbogbo owó tó wọlé ni wọ́n kà, kì í ṣe èrè nìkan. Owó iná, owó báńkì, owó àtúnṣe, wọn kò yọ ọ́. Kánsù tún lè gbé òṣìṣẹ́ tirẹ̀ wá ṣe iṣẹ́ náà, kó kọ owó rẹ̀ sí yín lọ́rùn. Torí náà, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè wó o, ṣùgbọ́n òpin ọ̀nà gígùn ni. Ní ti ẹ̀wọ̀n, àìtẹ̀lé Enforcement Notice fúnra rẹ̀ kì í fa ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n ń wọlé bí kánsù bá gba àṣẹ ilé ẹjọ́ pé kí ẹ dáwọ́ dúró tí ẹ kọ etí ikún sí i, tàbí bí ẹ kò bá san owó tí wọ́n ní kí ẹ dá padà lábẹ́ òfin 2002 yẹn.

Ohun díẹ̀ tó kù. Ẹ má fi ẹ̀bi dá ẹni tó ta ilé níwájú kánsù. Ẹni tó ni ilé báyìí ni wọ́n mọ̀. Àmọ́ ẹ wá fọ́ọ̀mù TA6 tó kọ nígbà tó ń tà á, kí lọ́yà wò ó bóyá ó sẹ́ pé òun kọ́ nǹkan. Ẹ wò ó bóyá lọ́yà yín ra indemnity insurance nígbà yẹn, ìyẹn insurance tó ń sanwó bí irú wàhálà àìgbàṣẹ yìí bá yọ, kí ẹ sì ka inú rẹ̀ kí ẹ tó pe kánsù lórí fóònù, torí ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sanwó fún ẹni tó fúnra rẹ̀ lọ sọ̀rọ̀ fún kánsù láìsọ fún ilé iṣẹ́ insurance náà ṣáájú. Òfin bí a ṣe ń kọ́lé kó má wó lé èèyàn lórí, ti building control, yàtọ̀ sí ti àṣẹ ìkọ́lé. Gbígba ọ̀kan kò bo èkejì.

Nínú ìdáhùn tí ẹ máa kọ báyìí, ẹ dáhùn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó ra ilé, ẹ kọ pé ẹni tó ta ilé ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má búra fún déètì tí ojú yín kò tó. Ẹ kọ orúkọ báńkì tó yá yín lówó àti ti ayálégbé. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀sùn náà, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Lẹ́yìn tí ilé inú ọgbà bá ti ṣófo, tí ẹ ti kó ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ rẹ̀ jáde, ẹ ya fọ́tò ògiri kọ̀ọ̀kan àti ibi tí ẹ ti dí páìpù, ẹ pe òṣìṣẹ́ náà kó wá wò ó, kí ẹ sì béèrè lẹ́tà pé wọ́n ti pa fáìlì dé. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ kí Enforcement Notice tó jáde, kò ní sí ìwé kankan lórí ilẹ̀ yín. Bó bá ti jáde, kódà bí ẹ bá ṣe gbogbo ohun tó wí, ó máa wà nínú rẹ́jísítà kánsù, lọ́yà ẹni tó bá fẹ́ ra ilé náà lọ́wọ́ yín yóò rí i, òfin inú rẹ̀ á sì mú ẹni tó bá tún sọ yàrá yẹn di ibùgbé lọ́jọ́ iwájú.